Kí A Tó Kọjá Afárá Aṣéjìré

Ẹni tó bá ti pẹ́ lókè òkun kì í béèrè ọ̀rọ̀ náà ní Ìkẹjà. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, ooru ti bò ó, ẹrù ló ń kà. Kì í béèrè rẹ̀ ní Ìbàfò, kì í sì í béèrè rẹ̀ ní Ògèrè, níbi tí tírélà ti gba ẹ̀gbẹ́ títì. Títí a ó fi wọ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ojú pópó ni yóò máa sọ: bí ilé ṣe pọ̀ sí i, bí ọ̀nà ṣe rí nígbà tó lọ, bí òtútù ṣe ń mú níbi tó ti ń bọ̀. A ó gba Ìwó Road, a ó fi Alákìá àti Ẹ̀gbẹ́dá sẹ́yìn. Ìgbà tí ọkọ̀ bá gun afárá Aṣéjìré, tó bá rí omi Ọ̀ṣun tó tẹ́ rẹrẹ, ni yóò dákẹ́. Yóò wo omi náà títí. Lẹ́yìn náà ni yóò bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ti kú lẹ́yìn mi?"

Láti 1986 ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mí nígbà náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ọmọ Iléṣà, tó ní Píjò 504 elérò méje. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ pàdé èrò ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, kó sì mú wọn wá sílé. Nígbà tí mo ṣe fíríìdọ́ọ̀mù tán, mo ra ọkọ̀ tèmi, mo sì bá iṣẹ́ kan náà lọ. Òṣogbo ni mo fìdí kalẹ̀ sí, ṣùgbọ́n bí a bá pín èrò mi sí méjì, ìdá kan á jẹ́ ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nítorí náà, oríta Gbọ̀ngán ni iṣẹ́ mi ti ń yà: bí ó bá jẹ́ ti Òṣogbo, a ó yà sí Òde-Òmu, a ó gba Ẹdẹ, bí ó bá jẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà, a ó máa bá ọ̀nà Ìpetumodù àti Ilé-Ifẹ̀ lọ títí dé Òṣú.

Mo ní mo ń lọ "pàdé" èrò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí báyìí, "gbé" ni wọ́n ń sọ: "Mo fẹ́ lọ gbé èrò kan ní èpọ́ọ̀tù." Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dún bákan náà létí mi. Ẹrù là ń gbé. Èèyàn là ń pàdé. Bí ìyàwó bá ń bọ̀, wọn kì í jókòó sílé dè é, wọ́n á rán àwọn ọmọ ilé lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọmọ bá ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ìyá rẹ̀ á pàdé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, á sọ ẹrù náà fún un. Ẹni tó lọ pàdé ẹni ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ pé, "Ibi tí o ti ń bọ̀ jìn, jẹ́ kí n bá ọ rìn díẹ̀ nínú rẹ̀." Díẹ̀ tó rìn náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí mo rí i pé ó ń kúrú sí i lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ kìlómítà ọ̀nà náà kò dín.

Ọ̀gá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó lọ pàdé ọmọ ilé wọn kan tó kàwé dé láti Ìlú Ọba láyé àwọn ọkọ̀ ojú omi bí Aureol, tó ń gbé èrò láti Liverpool wá sí Àpápá. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà lò lórí òkun. Láti Àpápá wọ́n mú un lọ sí Ìdó, wọ́n wọ rélùwéè. Rélùwéè kò dé Iléṣà. Láti 1907 tí ọ̀nà irin ti dé Òṣogbo ni ará Ìjẹ̀ṣà ti sọ ibùdókọ̀ Òṣogbo di ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀. Àwọn òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú mọ ibùdókọ̀ náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ lọ́rì, wọ́n sì rin nǹkan bí 30 kìlómítà tó kù. Bàbá náà sọ pé kí wọ́n tó dé Iléṣà, ọmọ tó kàwé dé náà ti ń fi ìka fa ẹ̀kọ jẹ, ó ti ń bá àwọn obìnrin inú lọ́rì ṣàwàdà.

Èyí ni mo ń rò. Ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, ọjọ́ kan lórí irin, wákàtí kan nínú lọ́rì: ọkàn ẹni tó ń bọ̀ ráyè bá ara rẹ̀ rìn. Ọkọ̀ òfuurufú dé, ó sọ ọ̀sẹ̀ méjì di wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀. Èèyàn lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní Lọ́ńdọ́nù kó sì wà ní Ìkẹjà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ara ti dé, ọkàn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ti gé òkun kúrò nínú ìpadàbọ̀, gbogbo ohun tí òkun ń ṣe fún èèyàn tẹ́lẹ̀ bọ́ sórí ọ̀nà wa yìí. Wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún láti Ìkẹjà sí ilé ló kù tí ẹni tó lọ yóò fi padà di ọmọ ilé.

Ó sì ń ṣẹlẹ̀ lójú mi. Òyìnbó ni ẹlòmíràn máa ń sọ láti Ìkẹjà. Bí a bá dúró ní Ìkirè, tí àwọn obìnrin bá sáré gbé dòdò wọn dúdú tó ta yanran wá sí ojú wíńdò, Yorùbá ni yóò fi ná an, nítorí kò sí ẹni tó ń fi òyìnbó ná dòdò Ìkirè. Láti ibẹ̀ lọ, Yorùbá ni. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí a bá fi máa rí Òṣú, ilé ti di ulé lẹ́nu rẹ̀, iṣu ti di uṣu. Mi ò ní kó yí i padà. Ọ̀nà ló ń yí i.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èèyàn kan ṣoṣo kì í dá lọ pàdé ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí Píjò kò bá gbà wọ́n, bọ́ọ̀sì ni. Ìyá àgbà yóò wà níbẹ̀, àwọn ará ìjọ, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, aládùúgbò tí kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fóun. Ilé ńlá pápákọ̀ òfuurufú náà, tí wọ́n ṣí ní 1979, tí wọ́n fi àwòṣe ti Schiphol ní Amsterdam kọ́, kún fún èrò tí kò bá ọkọ̀ òfuurufú kankan ṣe. Lẹ́tà ló ti sọ ọjọ́ tí èèyàn ń bọ̀, lẹ́tà sì lè ṣì í. Mo ti bá ìdílé kan sùn sínú bọ́ọ̀sì lálẹ́ méjì gbáko, nítorí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kà nínú lẹ́tà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ sì dé. Nígbà tó yọ, tí ìyá rẹ̀ rí i, ariwo tí obìnrin náà ké, ẹ̀ṣọ́ aláṣọ kan tó ti ń lé wa láti àná yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nu ojú.

Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni. Mo gba òwe yìí gbọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ló máa ń sanwó bọ́ọ̀sì, òun ló máa bọ́ èrò mẹ́rìndínlógún ní Ògèrè, kí a sì tó dé Gbọ̀ngán, ẹ̀gbọ́n kan lẹ́yìn ọkọ̀ ti sọ ti òrùlé rẹ̀ tó ń jò. Mo ti lọ pàdé ọkùnrin kan tó yá owó tíkẹ́ẹ̀tì wá sílé, tó sì na ìdajì owó ọwọ́ rẹ̀ kó tó rí ojú ilé bàbá rẹ̀. Bí a bá ń yin ayé àtijọ́, ká má fi ti irú ọkùnrin yẹn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí afárá.

Ní 1997, wọ́n rán mi lọ pàdé ẹnìkan tó ti lo ọdún 11 ní Amẹ́ríkà. Oṣù méjì kó tó wọ ọkọ̀ ni ìyá rẹ̀ kú, wọ́n sì ti sin ín. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí i. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, àgbà ilé wọn pè mí sí kọ̀rọ̀ ní Iléṣà, ó ní, "Má sọ fún un. Àwa la ó túfọ̀ fún un nílé, lójú ẹbí." Èmi nìkan ni mo lọ, nítorí kò sí ẹni nínú wọn tó gbà pé òun lè jókòó ti ọmọ náà fún wákàtí márùn-ún láìsunkún.

A dé Aṣéjìré. Ó wo omi. Ó béèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí mo mọ̀ pé wọ́n ti lọ ládùúgbò wọn: bàbá aránṣọ, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, olùkọ́ kan. Ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá dákẹ́, ó ní, "Mọ́mì ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n ń retí yín nílé."

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí mo ṣe. "Wọ́n" lè jẹ́ ìyá rẹ̀, tí a ń fi ọ̀wọ̀ pè. "Wọ́n" sì lè jẹ́ gbogbo àwọn tó kù. Èdè wa ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún mi, mo sì kó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sọ nǹkan mọ́ títí a fi kọjá Ìkirè, títí a fi kọjá Gbọ̀ngán. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká wọ Ìpetumodù, ó ní kí n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sẹ́bàá títì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wá, kò wọ ẹ̀yìn mọ́, iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn máa wà á díẹ̀díẹ̀." Mo wà á díẹ̀díẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Iléṣà ló fi sunkún ìyá rẹ̀, ẹkún tí kò lóhùn. Nígbà tí àwọn àgbà kó o wọ yàrá, tí wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ po, òun ló dì wọ́n mú tó ń pẹ̀tù sí wọn.

Mo ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà bóyá irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ ní gbangba ní Ìkẹjà, láàárín àwọn tó ń fa báàgì mọ́ ọn lọ́wọ́, mo ti ṣe é níkà. Bí mo bá sì ti ní "Ara wọn le," mi ò ní lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà ló túfọ̀ fún un. Ó gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ó fún un ní ìwọ̀n tó lè gbé ní Aṣéjìré, ó fún un ní ìyókù ní Ìpetumodù. Kò sí àgbà tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, 2001, fóònù alágbèéká GSM dé ilẹ̀ wa. Láàárín ọdún mélòó kan, ìbéèrè orí afárá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ń bọ̀ ti mọ ẹni tó kú, ó ti mọ ọjọ́ tó kú, ó ti mọ ẹni tí kò dá owó ìsìnkú. Nígbà àrùn kòrónà, tí wọ́n ti ọ̀nà òfuurufú ilẹ̀ òkèèrè pa láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹsàn-án, 2020, bàbá obìnrin kan kú ní Òṣogbo. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú rẹ̀, ní yàrá rẹ̀ ní Manchester, òun nìkan. Mo lọ pàdé rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. A gun afárá, kò sọ nǹkan kan. A dé Ẹdẹ, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Òṣogbo, ó rí àga bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé mo ti sunkún tán." Ọdún kan ti kọjá. Àwọn tó wà nílé ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n jáde wá pẹ̀lú ayọ̀ láti kí i. Òun nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n máa fi ikú pa mọ́ fún ọmọ. Ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìròyìn òbí rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó tún ń pè mí sí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn laṣọ mi, ni àwọn baba wa wí, fóònù kì í ṣe aṣọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé kíákíá, kò sì rí ejìká kankan tó máa gbé ọwọ́ lé. Ìròyìn ń dé báyìí kí èèyàn tó gbéra. Ẹkún ló wá ń dé kẹ́yìn, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ mọ́.

Ohun tó tún yí padà ni ẹni tó ń lọ pàdé. Láti 2014 tí Uber ti dé Èkó, tí Bolt náà sì tẹ̀ lé e, ẹni tó bá balẹ̀ lè tẹ fóònù rẹ̀, kí ọkọ̀ kan wá. Orúkọ awakọ̀ á hàn, nọ́ńbà ọkọ̀ á hàn, iye owó á hàn kó tó wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan bínú sí èyí. Èmi ò bínú, nítorí mo rántí ohun tí ojú àlejò rí ní Ìkẹjà láwọn ọdún 1990. Àlejò lójú, kò fi ríran. Wọ́n á já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Iléṣà ni, àbí? Ẹ bọ́ síbí." Mo bá ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréjì Òjótà lálẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n ti gba owó Òṣogbo lọ́wọ́ rẹ̀, ní dọ́là, tí wọ́n sì já a sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí mẹ́ta. Ó ń sọ fún mi pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé mi. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi fún un pé kó dì í mú títí a ó fi délé. Bí irú fóònù òní bá wà nígbà náà, kò ní sun ẹkún tó sun lálẹ́ yẹn. Ohun tó dára, ẹ jẹ́ ká pè é ní dídára.

Ohun tí mo ń sọ ni pé owó tó hàn àti nọ́ńbà tó hàn kò tíì jẹ́ ojú tó mọ ojú. Ẹni tí kò mọ ilé tí èèyàn ń lọ kò lè mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wa ọkọ̀ orí fóònù kò ṣe àìdáa. Wọ́n fún un ní ibi tó máa dé, ó dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìyàwó ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti kó ẹrù jáde lóṣù tó kọjá.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́. Ańjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Ibi tí òwe yìí ti ye mí dáadáa ni ẹ̀ka tí wọ́n ti ń já ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, ní 2017 àti 2018, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ wa padà láti Líbíyà. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí èrò yòókù ń gbà ni wọ́n gbà. Òru ni ọ̀pọ̀ wọn balẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì tó kún fún ìyá àgbà, kò sí ará ìjọ. Ìyá kan láti ìlú kékeré kan lẹ́yìn Iléṣà ta àgbàdo rẹ̀ láti fi san owó epo fún mi, ó ní kí n lọ mú ọmọ òun wá. Ọmọ náà jáde pẹ̀lú báàgì ọ̀rá kan. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ló rán mi, ó kọ́kọ́ fẹ́ sá. Ó ní kí n jẹ́ kóun wà l'Ékòó, ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Mo bá a jiyàn lórí òwe yẹn láti Ìkẹjà dé Ṣágámù. Mo ní ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò tíì bímọ. Mo ní ẹ̀sín a máa gbó, a máa ya bí aṣọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìyá tó gbé òkú ọmọ sin tó ní ó sàn bẹ́ẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ní Aṣéjìré, kò béèrè ẹni tó kú. Ó ní, "Bàbá, ta ló mọ̀ pé mò ń bọ̀?" Mo ní èmi àti ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí a má dé ní ọ̀sán. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ fún. A dúró ní Ilé-Ifẹ̀, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sùn lẹ́yìn ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a wọ abúlé wọn, mo pa iná iwájú ọkọ̀ ní ẹnu àgbàlá. Ìyá rẹ̀ ti dúró sí òkùnkùn pẹ̀lú abọ́ omi. Ó da omi náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, kò sì sọ̀rọ̀ kankan. Nínú gbogbo èrò tí mo ti lọ pàdé, òun ló ti ibi tó jìn jù dé. Owó tí ìyá náà fún mi, mo dá a padà fún un. Mo ní kó fi ra àgbàdo mìíràn gbìn.

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, irú àlejò mìíràn ló máa ń gba ọwọ́ mi kọjá: àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Wọ́n ti ń wá tipẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ sí i lẹ́yìn 2005 tí UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Obìnrin àgbàlagbà kan wá láti Bràsílì. Kò gbọ́ Yorùbá àfi orúkọ òrìṣà àti ti oúnjẹ. Mo tọ́ka sí omi ní Aṣéjìré, mo ní, "Ọ̀ṣun." Ó dì mí léjìká mú. Nígbà tí a sọdá, mo wá ibi tó fẹjú, mo dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú koríko, ó sì sọ nǹkan kan fún ọmọkùnrin tó ń túmọ̀ fún un. Ọmọkùnrin náà ní, "Bàbá, wọ́n ní ta ló ṣẹ́kù?"

Mi ò mọ ohun tí n ó wí. Àwọn tó bí i lọ láìsí ẹni tó sìn wọ́n dé etíkun, kò sì sí ẹni tó mọ ìlú tí a ti mú wọn. Mo nawọ́ sí ọ̀nà iwájú, mo ní kó sọ fún wọn pé a pọ̀.

Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ewu. Láyé Píjò, òru la sábà máa ń gbéra, títí àwọn adigunjalè fi kọ́ wa lọ́gbọ́n. Nísinsìnyí ajínigbé ti dára pọ̀ mọ́ wọn. Bí ọkọ̀ bá balẹ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó sun Èkó, bí èrò bá tilẹ̀ ń bínú. Epo náà ń fa ọ̀rọ̀ tirẹ̀: láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, tí lítà kan fò láti abẹ́ ₦200 kọjá ₦480, àwọn ìdílé tó ń rán mi níṣẹ́ dín kù. Ọ̀pọ̀ ń sọ fún ọmọ wọn pé kó wá ọkọ̀ dé Òjótà, kó wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfuurufú tiwa ní Ìdó-Ọ̀ṣun, lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré ti ń balẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, tí wọ́n sì fi orúkọ MKO Abíọ́lá pè. Ìjọba kan a gbé e dé ibì kan, òmíràn a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mo fẹ́ kó parí, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ mi ló máa gbà. Mo fẹ́ kó parí. Mo ti mú arúgbó tó ń gba ìtọ́jú fún ẹsẹ̀ dídùn gba ojú ọ̀nà tó bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń tún Èkó sí Ìbàdàn ṣe, mo gbọ́ bó ṣe ń kérora ní gbogbo kòtò. Fún irú rẹ̀, kí ọkọ̀ balẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun lónìí. Ohun tí mo kàn máa ń rò ni ibi tí ọkàn yóò ti bá ara, nígbà tí kò bá sí ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láàárín ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú àti àga bàbá ẹni.

Ọmọbìnrin mi, àbígbẹ̀yìn, ti wà ní Kánádà láti 2019. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa dé. Ó kọ̀wé sórí fóònù mi pé, "Daddy, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo ti ṣètò ọkọ̀ láti èpọ́ọ̀tù, àgbà ti dé." Mo pè é padà, mo ní kó fagi lé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìròyìn tí òun kò tíì gbọ́: ìyá rẹ̀ ti ka gbogbo ẹni tó kú fún un, láti Òkè-Fìà dé ilé àwọn bàbá wa ní Ìjẹ̀ṣà, ó sì mọ̀ pé ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ wà lára wọn.

Mo ti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Mo ti fọ ìjókòó iwájú, nítorí mo rò pé iwájú ló máa fẹ́ jókòó sí. Ọjọ́ Ẹtì, láàárọ̀, ni ọkọ̀ rẹ̀ ń balẹ̀, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ni n ó ti lọ sun Mafolúkù. Bí a bá dé Aṣéjìré, n ó dín eré kù.